Judith Aníwúrà àti Ọwọ́ Òsì Òde-Ayé

Ní oṣù keje ọdún 1997, kò sí ẹlẹ́tìí méjì ní Òde-Ayé tí kò gbọ́ pé Judith Aníwúrà, olùkọ́ ìṣirò, ti ra ẹ̀rọ kan tó ń ka inú ènìyàn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n ní tó bá ti lẹ wáyà mọ́ ọ lórí, gbogbo ohun tí o ti rò láti ìgbà tí wọ́n ti já ọ lẹ́nu ọmú ni yóò máa tú jáde sórí bébà, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Wọ́n ní ó mọ ọwọ́ tí o máa fi mú ẹran nínú ìkòkò kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ̀ pé ebi ń pa ọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gba ojú títì lọ ló ń sanra. Nígbà tó fi máa dé Ìlútítun, ẹ̀rọ náà ti ń rí èrò ẹni tó wà nínú ilé kejì. Nígbà tó fi máa dé Àjàgbà, bàbá kan ti ń dé fìlà méjì léra wọn kí ohun tó wà lórí rẹ̀ má baà jò. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ púpurú ní ìdíkọ̀ wé gèlè mẹ́ta lọ́jọ́ tí Judith máa kọjá, ọrùn sì dùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Irọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe irọ́ délẹ̀. Ó tó bí ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́, ìdajì yẹn ni Judith sì fi ọdún mẹ́ta wá kiri, tó fi rù, tó fi dúdú, tí kálámù pupa tó fi ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé fi di kálámù tó ń bá a sùn.

Oko ọ̀pẹ ni wọ́n bí i sí. Philemon, bàbá rẹ̀, ló ń gun ọ̀pẹ, Judith ló ń ka ìdì ẹyìn nílẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje. Ọmọ mìíràn á kà á, á sọ iye rẹ̀, á sáré lọ ṣeré. Judith á kà á tán, á wo ọ̀pẹ tó kàn, á sì sọ iye ìdì tó máa wà lórí rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó gùn ún, á wá fi kún un pé, "Mo lè fi ọ̀kan tàbí méjì ṣì í o, Bàbá." Ọ̀rọ̀ tó fi ń kún un yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ sá fún un. Nígbà tó di olùkọ́, orúkọ tí àwọn ọmọ iléèwé fún un ni Àǹtí Bóyá. Bí wọ́n bá bi í bóyá òjò máa rọ̀, á wojú ọ̀run, á ní, "Bóyá. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá." Mo ti gbọ́ pé nígbà tí ọkùnrin kan láti Okitipupa bi í bóyá ó máa fẹ́ òun, ó dá a lóhùn pé, "Bóyá. Méjì nínú mẹ́wàá." Ọkùnrin náà kò dúró gbọ́ bí ó ṣe ṣírò rẹ̀.

Ní ọdún 1994 ó forúkọ sílẹ̀ fún oyè kejì ní yunifásítì kan, nínú ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní sítátísítíìsì, èyí tó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń mọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ò dájú. Ẹ ò rí i pé inú ilé ara rẹ̀ ló padà sí. Ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà, Dókítà Olúsànyà, Ìjẹ̀bú tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó di oṣù Kejìlá, ló sọ fún un pé àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ti ń wo àmì tó ń ti ọpọlọ jáde láti fi mọ ọwọ́ tí ènìyàn ń gbé. Bó bá ṣeé ṣe, ẹni tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ lè fi ọ̀tún sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó fi òsì sọ pé rárá. Judith gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun gan-an ni.

Ẹ̀rọ kan sì wà ní ilé ìwòsàn kan ní Okitipupa. Dókítà àwọn míṣọ́nnárì kan láti Ìbàdàn ló yá ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀rọ ọ̀hún láti fi yẹ orí àwọn tó ní wárápá wò. Ẹ̀rọ náà ní kálámù mẹ́jọ tó ń fa ìlà mẹ́jọ sórí bébà gígùn, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ilẹ̀ ilé náà ti tẹ̀ síbi tó wà. Benedict ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń nù ún lójoojúmọ́ bí ẹni ń nu ọkọ̀ ìyàwó. Wọ́n fún Judith láàyè láti máa lò ó ní ọ̀sán Ọjọ́ Sátidé àti ní àkókò ìsinmi iléèwé, títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 1997. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ máa padà sí Ìbàdàn. Dókítà Olúsànyà sì ti sọ tirẹ̀: ogún ènìyàn. Bí kò bá pé ogún, kò ní fọwọ́ sí ìwé náà, kí Judith lọ wá nǹkan mìíràn kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé idán ni. Ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún wà ní apá òsì orí. Ibi tó ń darí ọwọ́ òsì wà ní apá ọ̀tún. Bí ọwọ́ kan bá jókòó jẹ́ẹ́, ìlà tí kálámù ń fà láti ibi tó ń darí rẹ̀ á máa fò sókè sódò, bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ọmọ tí wọn ò tíì rán níṣẹ́. Bí ọwọ́ náà bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ìlà ọ̀hún á rẹlẹ̀, bí ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Judith á fi rúlà wọn gíga ìlà apá òsì àti ti apá ọ̀tún, á ní nọ́ńbà méjì, á sì fi wọ́n sàmì kan sórí bébà gíráàfù onílà kéékèèké. Ọwọ́ ọ̀tún, àmì pupa. Ọwọ́ òsì, àmì búlúù. Bí àmì bá ti pọ̀, ìṣirò á sọ ibi tí ìlà tó pín wọn sọ́tọ̀ máa gbà. Kì í ṣe ojú ló ń fi fà á o, ìṣirò ojú ewé mẹ́rin ni. Ìdajì àmì ló fi ń kọ́ ìlà náà. Ìdajì yòókù ló ń fi pamọ́ láti fi dán an wò, bí ìgbà tí olùkọ́ ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ìbéèrè ìdánwò ṣáájú.

Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, ó ti ṣe ti ènìyàn mẹ́rìnlá. Ó jókòó síwájú wọn, ó ń gbé káàdì sókè: pupa, kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún kí wọ́n sì dì í, búlúù, kí wọ́n na ti òsì. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán, ọ̀tún dára, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Òsì, bí ẹni ń ju kọ́bọ̀ sókè ni. Àmì búlúù fọ́n káàkiri bébà bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀.

Benedict ní wáyà ni. Wọ́n pààrọ̀ wáyà. Dókítà Olúsànyà kọ̀wé pé ẹ̀rọ ti gbó, kó pa á tì. Judith tún gbogbo ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀rọ ìṣirò ọlọ́wọ́ kékeré, nítorí iná mànàmáná kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà iléèwé jí. Ó tẹ bọ́tìnì 7 títí bọ́tìnì náà fi wọnú ilé tí kò jáde mọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ méje, á fi mẹ́ta kún mẹ́rin. Èsì kan náà ló ń rí.

Màmá Catherine ló tú u. Ẹ̀gbọ́n ìyá Judith ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó gbé oúnjẹ wá fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sì ní kí wọ́n lẹ wáyà mọ́ òun náà, pé òun ò ní ohunkóhun tí òun ń fi pamọ́ mọ́ láyé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì Màmá Catherine jáde lórí bébà kedere bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Judith wo bébà náà tipẹ́. Kí ló ní lórí tí àwọn mẹ́rìnlá yẹn ò ní?

Ẹni tó kàn ni Olúwadára, ọmọbìnrin kan tí Judith ti kọ́ rí ní iléèwé. Màmá Catherine ò lọ, ó jókòó ti ògiri, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Judith, ọmọ yìí ń bẹ̀ ọ́."

"Báwo ló ṣe ń bẹ̀ mí, Màmá?"

"Bébà nìwọ ń wò, èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí o bá ní kó na ọ̀tún, á na ọ̀tún. Bí o bá ní kó na òsì, á nà án, ọ̀tún á sì sáré wá dì í mú lọ́rùn ọwọ́. Àbí kí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa na ọwọ́ òsì sí olùkọ́ rẹ̀ lójú?"

Olúwadára wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ aládùúgbò. Lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún ti di ti òsì mú. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wáyà tó wà lórí rẹ̀, ó ní kí Mà má bínú, òun ò mọ̀ pé òun ń ṣe é rárá. Benedict ní láti sáré di ẹ̀rọ mú kó má baà bá a kúnlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn mẹ́rìnlá náà, àwọn tó ti kọ́ rí ni gbogbo wọn, tàbí àbúrò wọn. Ọmọ olùgbọ́ràn ni wọ́n, wọn ò dà bíi Màmá Catherine tí kò ní àforíjì kankan láti tọrọ lọ́wọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀. Ìgbàkígbà tí káàdì búlúù bá jáde, òsì á lọ ṣe ohun tí wọ́n rán an, ọ̀tún á sì tẹ̀ lé e láti lọ tọrọ àforíjì. Apá méjèèjì orí ń ṣiṣẹ́ papọ̀, ìlà méjèèjì rẹlẹ̀ papọ̀. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe é ò pàdé irú èyí, nítorí kò sí ẹni tó gbá wọn lọ́wọ́ ní kékeré pé wọ́n fi òsì gba mángòrò. Ẹ̀kọ́ ilé ló ba ẹ̀kọ́ yunifásítì jẹ́.

Benedict bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ti òsì nìkan, kó lo ti ọ̀tún tó dára. Judith ní rárá. Ẹni tó bá mọ̀ pé òsì ń bọ̀ lè ti múra ọ̀tún sílẹ̀ láti ìgbà yẹn, òun ò sì lè mọ ibi tí ìmúra bẹ̀rẹ̀. Ó kó bébà mẹ́rìnlá dànù, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Kò sunkún, àmọ́ kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹlẹ́pà kan ló wá kó bébà ọ̀hún lẹ́yìn ilé ìwòsàn, fún oṣù méjì gbáko ni àwọn ará Okitipupa fi ń jẹ ẹ̀pà tí wọ́n fi orí ara wọn dì.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ó yí àga padà kó kọjú sí ògiri. Òun àti Benedict jókòó sẹ́yìn. Dípò káàdì, ó so gílóòbù kékeré méjì mọ́ ògiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, apá tó bá tàn ni ọwọ́ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ó rán àpò aṣọ méjì, ó fi ọsàn dúdú kọ̀ọ̀kan sínú wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó sì máa fún ọsàn náà níbi tí ojú ò ti rí i. Kó tó tan ẹ̀rọ, á sọ fún wọn pé, "Ògiri lẹ ń na ọwọ́ sí, kì í ṣe èmi. Ògiri yìí ò ju ẹnikẹ́ni lọ." Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ògiri, á wá ṣe é.

Ó sì ṣiṣẹ́. Láti ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó ṣe ti ènìyàn mọ́kànlá, Màmá Catherine ni ẹni àkọ́kọ́ tó tún un ṣe. Ìlà rẹ̀ ń gba ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ kan, kó lè dá a lójú, ó ní kí Benedict tan gílóòbù fún ẹni tó jókòó ní ogún ìgbà bó ṣe wù ú, kó kọ bó ṣe tò wọ́n sínú ìwé, kó dì í sínú àpòòwé. Ìta ni Judith wà. Bébà nìkan ni wọ́n gbé fún un. Ó wọn ìlà, ó ṣírò, ó kọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ya àpòòwé, ó ti gba mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Benedict lanu. Ó gbé ẹnu náà lọ sílé ní líla, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe irun fún àwọn obìnrin lójú títì Òde-Ayé. Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ó ku mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wá mọ́. Àwọn tó ti ṣèlérí di olóko lójijì. Ọ̀kan ní orí ń fọ́ òun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí Judith sì sọ pé òun lè dúró dìgbà tó bá sàn, ó ní irú èyí tí kì í sàn ni. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ kó aya àti ọmọ lọ sí Ìrèlé. Bí Judith bá wọ ọkọ̀, àwọn èrò á dákẹ́, á wá di pé kí gbogbo wọn máa wojú fèrèsé, wọ́n ń ro nǹkan dáadáa nìkan. Ó ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú òjò oṣù keje, ó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìwé òfìfo. Lọ́jọ́ kejì á tún lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ ni Olóyè Ajíbóyè yà sílé rẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ olóko ọ̀pẹ. Wọ́n ti jí kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́fà níbi tí ẹgbẹ́ ti ń fún epo, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó gbé e. Ó jókòó, ó mu omi, ó yin bàbá Judith, ó yin ìyá rẹ̀, ó yin òjò. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìbéèrè tó gbé e wá.

"Tíṣà, ènìyàn mélòó ló kù ọ́ kù?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Méjìlá ni àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ níbi ìfúnpo. Ní Ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi máa kó gbogbo wọn wá fún ọ. Kò sí èyí tó máa ní orí ń fọ́ òun. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́."

Judith ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà ò mọ olè, pé òsì àti ọ̀tún nìkan ló mọ̀, kò sì fi gbogbo ìgbà mọ ìyẹn náà. Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọ dáadáa kì í ṣe fáàrí. Ó ní kò pọn dandan kó la ẹnu sọ ọ́. Kó ṣáà máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwọn máa wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn máa wo kálámù fúnra àwọn. Ẹni tí kálámù bá fò lé lórí, àwọn mọ ohun tí àwọn máa ṣe sí i.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rọrùn tó. Kò ní purọ́. Kó kàn dákẹ́, méjìlá máa jókòó, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta máa parí, àfikún mẹ́ta á tún ṣẹ́ kù. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù kí ẹ̀rọ tó lọ. Àmọ́ Judith mọ ohun tó ń mú kálámù fò. Bí ènìyàn bá ṣẹ́jú, á fò. Bó bá wa eyín pọ̀, á fò. Bí òógùn bá bo orí rẹ̀, gbogbo kálámù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á máa jó. Ta ni kò ní làágùn bí Olóyè Ajíbóyè bá dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ẹni tí ẹ̀rù bá bà jù ni wọ́n máa mú. Ó bẹ Olóyè pé kó gba òun láàyè láti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ọjọ́ Sátidé. Olóyè rò pé ó ti gbà, ó sì sọ fún gbogbo ìlú pé Tíṣà máa wá dárúkọ.

Gbọ̀ngàn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kún débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Àwọn méjìlá ibi ìfúnpo wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n ti ń làágùn ṣáájú. Judith dìde, kò gbé ìwé kankan dání, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì dúró.

"Mo gbọ́ pé mo ra ẹ̀rọ," ó ní. "Mi ò ra nǹkan kan, wọ́n yá mi ni. Mo gbọ́ pé ó ń ka inú. Kò lè kà á. Ohun kan ni mo lè bi í: ọwọ́ ọ̀tún ni àbí ti òsì? Bí mo bá bi í ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, á gba ọgọ́rin, á ṣi ogún. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ lásán nìyẹn o, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó kọjú sí ògiri. Ti olè, mi ò bi í rí, kò sì sí ibì kankan nínú ìṣirò mi tí mo lè fi bi í. Ẹni tó bá mú ènìyàn nítorí pé kálámù mi fò, ẹni tó ń bẹ̀rù ló mú."

Bàbá kan láti ẹ̀yìn bi í pé kí wá ni ìwúlò rẹ̀ nígbà náà, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Ó dáhùn pé torí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ ni, tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, tí kò lè fèsì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ọ̀tún sọ bẹ́ẹ̀ ni, kó fi òsì sọ rárá.

Obìnrin kan dìde láàárín àwọn ìyá. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, aya Oyèkànmí ni, ọkùnrin tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ lọ́dún méjì sẹ́yìn tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

"Ọkọ mi máa sọ̀rọ̀ nígbà náà," ni obìnrin náà wí, kò sì wí i bí ìbéèrè.

Bí Judith bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo gbọ̀ngàn ni ìbá tẹ̀ lé e lọ sí Okitipupa lọ́jọ́ náà. Ó rìn lọ bá a níbi tó dúró sí.

"Rárá, mà," ó ní. "Mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ gbé ìyẹn lọ sílé. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni mo ti dán wò. Ẹni tó kàn ń rò ó lọ́kàn pé òun ń gbé ọwọ́, mi ò tíì dé ibẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa dé ibẹ̀. Ó sì lè má ṣeé ṣe fún ọkọ yín rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ti ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ò bá parí, kò sí ẹni tó máa gbọ́ mi lórí ti èyí tí kò ṣiṣẹ́."

Obìnrin náà ní ó ti tó ọdún méjì tí gbogbo ẹni tó bá wọ ilé òun ti ń sọ pé á dára, pé ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó máa sọ pé òun ò mọ̀. Ó ní kí Judith kọ orúkọ òun sílẹ̀.

Olóyè Ajíbóyè ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó ní Tíṣà ti lé àwọn méjìlá òun dànù o, kí ó má wá sọ pé òun ò ràn án lọ́wọ́ nígbà tí mẹ́sàn-án rẹ̀ bá ṣì kù ú kù.

"Mẹ́jọ ló kù, sà," ni Judith wí, ó ń wá kálámù nínú báàgì rẹ̀. Ó yíjú sí gbọ̀ngàn. "Ẹ̀rọ kì í dun ni, kì í mú orí gbóná, kì í sọ ẹnikẹ́ni di wèrè. Ìpara tó ń lẹ wáyà mọ́ irun ni ò tètè kúrò, ìyẹn nìkan lòótọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé, kó má fi epo pa irun."